Ètò JET tàbí ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Japan?

Ẹni tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa Japan, tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sábà máa ń ro ọ̀nà méjì yìí.

JET, ètò ìjọba Japan tó ń mú àwọn tó gboyè láti ilẹ̀ òkèèrè wá ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, ló rọrùn láti wọ̀. Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbà, iṣẹ́ náà kò sì béèrè pé kéèyàn gbọ́ èdè Japan. Ìwọ tó o fi ọdún mẹ́rin kọ́ kanji (àmì ìkọ̀wé èdè Japan tó wá láti China) àti ẹni tí kò mọ̀ ju kíkí lọ, owó kan náà ni ẹ óò jọ gbà! Ipò CIR (olùṣètò àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè) ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ń lo èdè náà gan-an, fún iṣẹ́ ògbufọ̀ àti títúmọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kò pọ̀. Àdéhùn ọdún kan ni JET. Ẹ lè tún un ṣe títí dé ọdún márùn-ún.

Ilé-iṣẹ́ le jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ń béèrè ìwé-ẹ̀rí N2 (ìpele kejì láti òkè nínú ìdánwò èdè Japan) ó kéré tán. Oṣù kẹrin ni wọ́n ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè wọlé, ìwáṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ ṣáájú. Ohun tó o kà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún, àwọn fúnra wọn ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Bó o bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni mo fara mọ́.