Kílípà oníwáyà àbí oníbátìrì: èwo ló tọ́ sí ajá onírun kíkún?

Kí owó tó jáde lápò, ẹ fi ọwọ́ la irun ajá náà títí ẹ ó fi rí awọ. Bí irun gígùn líle bá wà lókè, tí òmíràn tó rọ̀ bí òwú sì fara pamọ́ nísàlẹ̀, bíi ti Husky, Samoyed tàbí Pomeranian, ẹ má ra kílípà láti fá a. Òòyà onírin tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, tó ń wọ́ irun ìsàlẹ̀ jáde, ni kí ẹ ná owó lé. Irun irú ajá bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fá a kanlẹ̀, lè má hù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn bíi Poodle àti Bichon, tí irun wọn kì í dẹ́kun gígùn, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Kílípà tí wọ́n fi ń gẹ irun ènìyàn ńkọ́? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Irun ajá á há sí eyín rẹ̀, á máa fà á tu, tí ajá bá sì tún gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ó ti lọ wá a.

Oníbátìrì fúyẹ́, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí wáyà tí ajá ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún ojú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdí ìrù, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kì í ṣe ti irun kíkún. Níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, abẹ á máa falẹ̀, abẹ tó falẹ̀ kì í gé irun mọ́, ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan á ti dán, ìkejì á ṣì wà bí igbó.

Oníwáyà wúwo, ó ń ro ọrùn-ọwọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe ń parí.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni abẹ. Ọ̀pọ̀ oníbátìrì olówó pọ́ọ́kú ló ní abẹ tirẹ̀ tí kì í ṣeé rà lọ́tọ̀. Tó bá ti kú, odindi kílípà ti di ìdọ̀tí. Ẹ wá èyí tó ń gba irú abẹ tí wọ́n ń pè ní A5, tó ṣeé yọ, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Andis, Oster àti Wahl ń ṣe, tí a sì lè fi ti ọ̀kan sórí ti èkejì lọ́pọ̀ ìgbà. Bí nọ́ńbà abẹ bá ṣe ń ga ni irun ń kúrú: 10 á fi bíi mílímítà 1.5 sílẹ̀, 7F bíi 3, 4F bíi 9. Eyín abẹ tó ní F dọ́gba; èyí tó jẹ́ 7 lásán, tí kò ní F, eyín rẹ̀ gùn kan, kúrú kan. Ẹ má gbé e dé abíyá tàbí awọ fẹ́lẹ́ tó so ikùn mọ́ itan, torí awọ á wọ àárín eyín, ẹ̀jẹ̀ á sì jáde. Irun tó ti dì mọ́ra pátápátá, 10 ni kí ẹ fi wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì gé e kúrò kí ẹ tó wẹ ajá, omi á tún fún un pọ̀ ni.

Abẹ yìí náà ń gbóná. Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, irin lè gbóná tó láti jó ikùn, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tí ajá bá ń lá ojú kan ṣáá lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa fi kan inú ọrùn-ọwọ́ yín látìgbàdégbà. Abẹ méjì tí nọ́ńbà wọn jọra ló ń yanjú rẹ̀: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń tutù lórí táìlì. Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí eyín àti ibi tí irin ti ń gbo irin. Ohun fínfín tó ń mú abẹ tutù kò rọ́pò ọ́ìlì. Irun ẹlẹ́rùpẹ̀ ló ń tètè pa abẹ, nítorí náà ẹ wẹ ajá, ẹ jẹ́ kí irun rẹ̀ gbẹ dé awọ, kí ẹ sì yà á títí òòyà yóò fi kọjá láìhá.

Ajá kékeré tí ẹ ń gẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, oníbátìrì tó ń gba A5 lè tó o. Àwọn yòókù, oníwáyà pẹ̀lú abẹ 10 méjì àti 4F méjì. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ wá ra oníbátìrì kékeré fún àtẹ́lẹsẹ̀.