Ìgbèríko Faransé: ká fẹsẹ̀ rìn ni, àbí ká gun kẹ̀kẹ́?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ará wa tó ń gbé níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ kò gba owó, àfi ti bàtà tó le. Àwọn ọ̀nà GR (Grande Randonnée, ọ̀nà jíjìn fún ìrìn ẹsẹ̀) ní àmì lára igi àti òkúta: ìlà funfun lókè, pupa nísàlẹ̀. Bí o bá rí i tí méjèèjì dábùú ara wọn, ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ nìyẹn, yáa padà. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ ń jẹ owó, táyà lónìí, bíréèkì lọ́la, ṣùgbọ́n ó ń gbéni jìnnà. Loire à Vélo, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó tọ odò Loire lọ, tó nǹkan bíi 900 kìlómítà, ibi púpọ̀ níbẹ̀ ló sì tẹ́jú.

Ní ti ewu, àwọn ọdẹ máa ń wà nígbó láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kejì. Wọ aṣọ tó ń tàn yòò (ta ló ń wọ dúdú wọgbó ọdẹ?), kí o sì yẹ ẹsẹ̀ wò fún eégbọn. Mọ́tò ni tàwọn oníkẹ̀kẹ́. Òfin sì ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 dé akoto.

Bí ilé rẹ bá sún mọ́ odò Loire, tọ́mọdé sì wà lọ́dọ̀ rẹ, mú kẹ̀kẹ́. Bó bá jẹ́ òkè Auvergne lo wà, ẹsẹ̀ yá.