Allure Report: kí ọ̀gá tí kò mọ kóòdù náà lè ka àbájáde àyẹ̀wò

Àwa tó ń ṣe àyẹ̀wò sọ́fítíwíà mọ ìwà pytest, irinṣẹ́ tí a fi ń sáré àyẹ̀wò ní Python: bó bá parí iṣẹ́, á da ìlà lórí ìlà sójú terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó fẹ́ mọ̀ bóyá áàpù lè jáde lọ́la, kí ni kó fi ìyẹn ṣe? Nítorí irú wọn ni mo ṣe ń lo Allure Report, irinṣẹ́ tó ń sọ àbájáde àyẹ̀wò di ìjábọ̀ tó ṣe é wò nínú browser. Ọ̀fẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ Yandex ní Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ ṣe é. Qameta Software ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí.

Allure 2 ni mò ń lò, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí Java lórí ẹ̀rọ. Ẹ fi pip, irinṣẹ́ tí Python fi ń gbé nǹkan wọlé, gbé allure-pytest tó so pytest mọ́ Allure wọlé, ẹ sáré pytest pẹ̀lú --alluredir=allure-results, kí ẹ wá tẹ allure serve allure-results. Ìjábọ̀ á ṣí nínú browser.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bó ṣe ya failed sọ́tọ̀ kúrò lára broken. Bí owó oníbàárà bá yẹ kó jẹ́ ₦5,000 tí áàpù gbé ₦4,500 jáde, failed nìyẹn, pupa ni. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, broken ni, yẹ́lò. Ìyàtọ̀ yìí máa ń pa ìjà láàárín àwa àti àwọn tó ń kọ kóòdù. Àmọ́ ẹ má fojú di yẹ́lò o! Bí ẹnìkan bá yọ bọ́tìnì kúrò lójú áàpù tí àyẹ̀wò wá a tì, yẹ́lò náà ni yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ áàpù ló jẹ̀bi. Fáìlì categories.json wà tí ẹ lè fi tún irú rẹ̀ pín.

Bí ìjábọ̀ yóò ṣe ṣe é kà, ọwọ́ yín ló wà. Bí ẹ bá pe àyẹ̀wò ní test_login_03, ohun tí ọ̀gá máa rí nìyẹn. Èmi, allure.title ni mo fi ń kọ orúkọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀: “Oníbàárà tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀”. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ń hàn dáadáa, inú mi dùn sí i. Mo ń fi allure.step to ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń so àwòrán ojú áàpù mọ́ ibi tó ti bàjẹ́. Àwòrán yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Àwòrán Trend, tó ń fi hàn bí àbájáde ṣe ń yí padà láti ìjábọ̀ kan sí òmíràn, kì í dédé kún. Àfi kí ẹ da fóldà history inú ìjábọ̀ àná sínú allure-results kí ẹ tó ṣe tòní.

Èyí tó ń bí mi nínú: ẹ kò lè fún èèyàn ní fóldà ìjábọ̀ kó kàn tẹ index.html lẹ́ẹ̀mejì. Browser kò ní gbà kó ka dátà inú fóldà, òfìfo ló máa rí. Àṣẹ allure generate pẹ̀lú --single-file ló yanjú rẹ̀, ó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tó ṣe é fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kìkì pé bí àwòrán bá pọ̀ nínú rẹ̀, fáìlì náà á wúwo, ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó nǹkan kò sì ní ṣí i.