Láti mọ ìgbà tí bátìrì yóò tán, fólítì ni ká wò ni, àbí iná tí ẹ̀rọ ti lò?
Ẹni tó gbé ẹ̀rọ kékeré tí kò lo wáyà sínú ilé adìẹ ní Ọ̀fà, kí ó máa wọn ooru, lè fi ọ̀nà méjì mọ ìgbà tí bátìrì rẹ̀ yóò tán. Wíwo fólítì, ìyẹn agbára tí bátìrì fi ń ti iná jáde, rọrùn, ṣùgbọ́n bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 a máa dúró nítòsí fólítì 3 fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó já wálẹ̀ lójijì, òtútù ọyẹ́ sì lè mú kí ó dà bíi pé ó ti tán. Ṣíṣírò iná tí ẹ̀rọ ń lò ni mo fara mọ́: bí bátìrì bá gba 220 mAh (mílíámpù-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́), tí ẹ̀rọ sì ń lo 0.02 mA (mílíámpù, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) ní ìpíndọ́gba, yóò tó wákàtí 11,000, ìyẹn bí oṣù 15, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná inú bátìrì a máa dín kù fúnra rẹ̀.