Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Ayédèrú Ìwé Ìtàn Fẹlá Tí Wọ́n Ń Tà Kiri

Ẹ̀yin olólùfẹ́ Fẹlá, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra ìwé fún ọmọ tó wà ní yunifásítì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn ìwé kan ti pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìtàn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Èèpo ẹ̀yìn wọn ń dán, owó wọn ò sì kéré, àmọ́ irọ́ ló kún inú wọn. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí àwọn ọmọ ti ń fi wọ́n kọ iṣẹ́ àṣekágbá.

Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí. Tínńrín ni, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi bíi ti ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí àwọn ṣọ́jà jó Kalakuta, ilé Fẹlá, gan-an ni ìyá Fẹlá kú. Irọ́ ni. Ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977 ni wọ́n ya wọ ilé náà, tí wọ́n ju Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì látojú fèrèsé. Oṣù Kẹrin ọdún 1978 ni Màmá tó dágbére fáyé. Ó tún ní bàbá Fẹlá ló kọ orin ìjọ ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Bàbá bàbá rẹ̀ ni, Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì. Bàbá tó bí Fẹlá, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun, ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School ni wọ́n. Ẹni tó da bàbá pọ̀ mọ́ bàbá àgbà, kí ló kù tó fẹ́ sọ fún wa nípa ọmọ?

Ibi tí wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ jù ni ọdún tí àwo orin jáde. Ẹ wo Zombie. Ọdún 1976 ló jáde ní Nàìjíríà, 1977 ni wọ́n tó gbé e jáde nílùú Ọba. Ìwé tó bá kàn kọ 1977 sílẹ̀ láìṣàlàyé ti dojú ìtàn rú, torí ẹni tó bá kà á á rò pé ìgbà tí wọ́n jó ilé Fẹlá tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi àwọn ṣọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, orin yẹn ti gba ìgboro kí wọ́n tó wá kó ogun jà á. Ní 1979 ni àwo Unknown Soldier jáde, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ti sọ pé ṣọ́jà kan tẹ́nì kan ò mọ̀ ló dáná sun ilé náà. Tẹ́ ẹ bá ní àwo àtijọ́ nílé, ẹ ka bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ohun tẹ́ ẹ rí wé ti inú ìwé. Ẹ̀yin fúnra yín á mọ èyí tó ń purọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí Wikipedia ni wọ́n ti dà á kọ. Àwọn mìíràn, AI, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, ló kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó kà á yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, tàn yín, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Tẹ́ ẹ bá rí Independently published níbi tó yẹ kí orúkọ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé wà, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, torí àwọn olóòótọ́ náà ń fowó ara wọn tẹ̀wé. Àmọ́ tí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan nípa òǹkọ̀wé, tí kò sọ ibi tó ti rí ìtàn rẹ̀, tí kò sì dárúkọ ẹnì kan tó bá sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn tó ṣeé gbára lé wà. Carlos Moore jókòó ti Fẹlá fúnra rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1982. Ẹ rà á torí ọ̀rọ̀ ẹnu Fẹlá, àmọ́ ẹ wá ọjọ́ àti ọdún níbòmíràn, torí èèyàn kì í rántí gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán. Ti Michael Veal, ọdún 2000, ni mo fọkàn tán jù fún ìwádìí orin, ọ̀mọ̀wé ni, ó sì ti fun saksofóònù pẹ̀lú ẹgbẹ́ Fẹlá. Òun náà ló bá Tony Allen, onílù Fẹlá, kọ ìtàn ìgbésí ayé Allen, tó jáde ní 2013. Kò sẹ́lòmíràn tó lè sọ bí ìlù afrobeat ṣe bẹ̀rẹ̀ bíi ti Allen. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì irú ìwé gidi yìí náà tà, ojú ìwé á sì ti sọnù láàárín.

Kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ojú ìwé tí orúkọ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé wà, àti ti ẹ̀yìn pátápátá níbi tí wọ́n máa ń to orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n lò sí. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Tó bá ń ṣe àwáwí pé òun ò sí nítòsí ìwé, ẹ má sanwó.