Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó mú ọmọ mi jókòó: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé tí ọmọ mi ọkùnrin wà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọmọ náà ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sọ́dọ̀ wọn nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọmọ yín rí tó wọ jẹ́sì, tó so okùn bàtà dáadáa, tó wá jókòó títí rẹfirí fi fọn fèrè àṣekágbá, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Ìdánrawò wọn múná dóko. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Wọn kì í to ọmọ jọ sórí ìlà kan kí wọ́n máa retí àtigbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sílé. Kóòṣì wọn kì í bú ọmọ. Bí ọmọ bá pàdánù bọ́ọ̀lù, kóòṣì á dá eré dúró, wọ́n á bi í pé, "Ta lo rí nígbà tó o gbójú sókè?" Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni tèmi ń lò nígbà tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí ó lè fi tọ̀tún gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì láìronú. Ní ti ìdánrawò, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ yọ kúrò.

Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yìn lápá òsì lọmọ mi ń gbá nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ láàárín àwọn tó máa kọ́kọ́ wọlé. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi í wọlé nígbà tí eré ti fẹ́ parí, bọ́ọ̀lù ò sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un. Bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n fún wa nígbà tí a forúkọ sílẹ̀ ní "gbogbo ọmọ ni yóò gbá bọ́ọ̀lù". Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí iye ìṣẹ́jú nínú rẹ̀. Ọmọ tó sáré wọlé láti wá dúró síwájú gólì nígbà tí wọ́n fẹ́ gba kọ́nà tó kẹ́yìn, òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù ní tiwọn. Torí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe yọ ìràwọ̀ àkọ́kọ́.

Mi ò yọ ọ́ torí pé ọmọ mi jókòó o. Ọmọ 14 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ mẹ́sàn-án sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá ní ọjọ́ orí tiwọn. Márùn-ún gbọ́dọ̀ jókòó, ìyẹn ò lè yẹ̀. Ta ni yóò jókòó, fún ìgbà wo, kí ló dé: àwọn nǹkan tí òbí lè béèrè nìyẹn. Òfin gan-an ti fàyè sílẹ̀. IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù, gbà pé kí ọmọdé tí wọ́n ti yọ jáde tún lè padà wọlé nínú eré kan náà, bí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn bá ti fọwọ́ sí i. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ńláńlá, ẹni tó bá jáde ti lọ jókòó nìyẹn. Nítorí náà, kóòṣì àwọn ọmọdé tó ní òun ò rí àyè pààrọ̀, ó ní láti ṣàlàyé.

Àwọn kan ti kọ tiwọn sílẹ̀ kedere. Ní Amẹ́ríkà, AYSO, àjọ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, sọ ọ́ di òfin pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbá, ó kéré tán, ìdajì eré kọ̀ọ̀kan. Ní Norway, àjọ eré ìdárayá wọn ti ní ìlànà fún eré àwọn ọmọdé láti 1987. Wọn kì í tilẹ̀ gbé tábìlì líìgì jáde fún àwọn tí kò tíì tó ọdún 11. Mi ò ní kí ẹgbẹ́ tiwa dà bíi tiwọn. Wọ́n fẹ́ gba ife, wọn ò sì fi pa mọ́. Ẹ sáà kọ iye ìṣẹ́jú sílẹ̀, kí òbí tó san owó mọ ohun tó ń rà.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń gba ẹjọ́ òbí, mo gbà fún wọn. Òfin wọn ni pé òbí kankan ò gbọdọ̀ bá kóòṣì sọ̀rọ̀ nípa eré títí wákàtí 24 yóò fi kọjá. Bàbá rẹ̀ kórìíra òfin yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá níbẹ̀ ló ti fẹ́ lọ gbé e kò wọ́n lójú, èmi ni mo fà á láṣọ. Ẹ ò ní mọ ìwúlò òfin náà àfi tẹ́ ẹ bá ti rí òbí tó ń pariwo orúkọ ọmọ ọlọ́mọ pé, "Kí ni lágbájá mọ̀ ọ́n gbá tí tèmi ò mọ̀?" Mo ti rí i, lágbájá náà sì dúró sítòsí, ó ń gbọ́.

Kí wákàtí náà tó pé, a bi ọmọ léèrè ohun tó ń dùn ún gan-an. Mo rò pé yóò ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni. Ó ní, "Mọ́mì, kí wọ́n ṣáà sọ ohun tí mo ṣe." Nítorí náà, nígbà tí wákàtí náà pé, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè lọ́wọ́ kóòṣì. Àwa jókòó tì í, a panu mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Kóòṣì, kí ni kí n ṣe kí ẹ lè tún máa fi mí bẹ̀rẹ̀?" Kóòṣì ò fi falẹ̀: bó bá ti bá bọ́ọ̀lù lọ síwájú, kì í tètè padà, wínńgà ẹgbẹ́ kejì, ìyẹn ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá wá síwájú, sì ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ojú ẹsẹ̀ ni ìrísí ọmọ náà yí padà, torí ohun tó lè tún ṣe ni wọ́n sọ fún un. Ìbéèrè mi wá ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí a wá béèrè ni wọ́n tó sọ ọ́? Ìràwọ̀ kejì lọ síbẹ̀.

Mo tún gbé ọ̀rọ̀ oṣù ìbí kalẹ̀. Oṣù Kejìlá ni wọ́n bí tèmi, oṣù Kìíní sì ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan jù ú lọ. Ní 1985, àwọn olùwádìí ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín: àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ láàárín wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ náà. Ọmọ tó ga jù, tó sì lágbára jù, ni wọ́n ń rí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Kóòṣì gbọ́ mi dópin, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n wínńgà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ò ní bi í pé oṣù wo ni wọ́n bí i." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èsì gidi kọ́, àmọ́ ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, igbákejì kóòṣì ti ń fi ìwé kékeré kan kọ ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọlé àti ìgbà tó jáde. Àwọn tó jókòó náà ti níṣẹ́: wọ́n á yan ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kejì fún ọmọ láti máa ṣọ́, kó wá sọ ohun tó rí nígbà ìsinmi. Ìyẹn wù mí púpọ̀. Ọmọ mi ló sọ lọ́jọ́ kan pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wínńgà wọn mọ̀ ọ́n lò, wọ́n sì fi òun gan-an wọlé láti lọ dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré líìgì ku díẹ̀ kó parí, ìwé kékeré yẹn pòórá, àwọn mẹ́sàn-án kan náà ló ń gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ bọ́ọ̀lù dáadáa, tó sì lè fara da jíjókòó, ẹ mú un lọ sírú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kó ṣáà sáré, kó sì láyọ̀ ni, ẹ wá ibòmíì. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí tiwa bá kọ ọ́ sínú ìwé sáà tó ń bọ̀, màá padà wá fi ìràwọ̀ kan kún mẹ́ta yìí.