Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Omi Odò Lẹ́bàá Ibi Ìwakùsà: Ohun Tí Ẹ̀ẹ̀mejì Tí Mo Lò Ó Fi Hàn Mí

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé iṣẹ́ fún ilé àyẹ̀wò kan kí n lè mọ ohun tó ń mú kí omi odò kan, tó ṣàn gba ẹ̀bá ibi ìwakùsà wúrà, máa pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Iṣẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ àti ti ìgbà kejì yàtọ̀ síra débi pé mo ka kíkọ èyí sí ojúṣe mi sí ẹni tó bá ń gbèrò láti náwó sórí irú rẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ kan ló wá, ó bu omi sínú ìgò kan níbi tí omi kòtò ìwakùsà ti ń wọ odò, ó sì lọ. Èsì wọn sọ pé ásínììkì (èròjà olóró kan) inú omi náà kọjá máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, tí í ṣe òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé fún omi mímu. Èmi kò bá wọn jà lórí iye yẹn. Ìdájọ́ tí wọ́n fi kún un, pé ìwakùsà ló ba odò jẹ́, ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí kùsà wà ni àpáta tó ní irin àti imí-ọjọ́ nínú sábà máa ń wà. Bí atẹ́gùn àti omi bá kan irú àpáta bẹ́ẹ̀, ásíìdì á jáde lára rẹ̀, á sì máa tú irin, bàbà àti òjé sínú omi, yálà ẹnì kan gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ tàbí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ. Ohun tí ìwakùsà máa ń ṣe ni pé ó ń fọ́ àpáta náà wẹ́wẹ́, iṣẹ́ tí òjò ì bá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe á sì yára kánkán. Odò Rio Tinto ní Sípéènì pupa, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi, tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) sì wà ní nǹkan bíi 2, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ti jiyàn gan-an lórí èyí tó ti ọwọ́ àpáta wá níbẹ̀ àti èyí tó ti ọwọ́ awakùsà wá.

Ìgbà kejì ni mo tó rí iṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì ń gòkè lọ kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọ́n rú sókè má baà wọnú ìgò tó kàn. Wọ́n bu omi lókè ibi ìwakùsà, wọ́n sì tún bu ti odò kékeré kan tó gba orí irú àpáta kan náà kọjá ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì wa kùsà rí nítòsí rẹ̀. Wọ́n wọn bí omi ṣe ń ṣàn tó ní ojú kọ̀ọ̀kan, nítorí omi púpọ̀ tó ní ásínììkì díẹ̀ lè gbé èyí tó pọ̀ jù lọ wá. Nínú ìgò tí wọ́n fẹ́ fi wo irin àti òjé, wọ́n kán ásíìdì sí i kí ohun tí wọ́n ń wá má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ìgò ti sáyánáìdì, májèlé tí wọ́n fi ń yọ wúrà, dá wà lọ́tọ̀, torí ásíìdì lè sọ ọ́ di gáàsì.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ọ̀pá oníke oníhò tí wọ́n tì bọ inú ẹrẹ̀ etí odò. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú wà nísàlẹ̀, èyí tó pọ́n sì tò lé e lórí. Ásínììkì wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ náà, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ kí ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tòkè pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Sáyánáìdì kò sí lókè odò rárá. Ìsàlẹ̀ odò nìkan ló wà. Nítorí náà àpáta ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwakùsà náà sì ní tirẹ̀, èsì kejì sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láì ṣègbè.

Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n wá, bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́kọ́ ló máa ń fọ iyọ̀ tó ti gbẹ sórí òkìtì àfọ́kù òkúta wọnú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ní kí wọ́n padà wá bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì mú ọ̀pá oníke náà dání.